Kábúrétọ̀ ẹlẹ́nu méjì àti òkè Èfọ̀n

Láti ọjọ́ tí mo ti gbé fọ́tò píkọ́ọ̀pù ṣọ́ọ̀ṣì síbí, tí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà ní ṣíṣí, tí èmi náà dúró tì í pẹ̀lú ọwọ́ tó dú fún gíríìsì, inbox mi kò sinmi. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín: "Pásítọ̀, ẹ ti di mẹkáníìkì?" Àwọn kan ò rẹ́rìn-ín rárá. Wọ́n fẹ́ mọ ìdí tí owó ṣọ́ọ̀ṣì fi wọ inú ọkọ̀ tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ kí n dáhùn rẹ̀ ní gbangba, torí kì í ṣe owó àpò mi. Ẹ jókòó dáadáa, ó máa gùn díẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ọkọ̀ lè fò ó, mi ò ní bínú.

Peugeot 504 ni, ọdún 1987. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà mọ ìtàn yẹn: ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní Kaduna, kò sì pẹ́ tí 504 fi di ọkọ̀ ìjọba, ọkọ̀ dókítà, ọkọ̀ èrò, ọkọ̀ ìgbéyàwó. Ní Yúróòpù pàápàá, òun ló gba Ọkọ̀ Ọdún ní 1969. Píkọ́ọ̀pù rẹ̀ tún wá le ju mọ́tò lọ. Sípíríǹgì ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra wọn, ẹ kó àpò sìmẹ́ńtì sí i kí ẹ máa wo bí kò ṣe ní sọ nǹkan kan. Ẹ́ńjìnnì lítà 1.8 ló wà nínú tiwa, pẹ̀lú kábúrétọ̀ Solex ẹlẹ́nu kan. Ìdílé bàbá kan tó ń ra kòkó nígbà ayé rẹ̀ ló fi ta ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rẹ, wọ́n ní bàbá máa ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ẹṣin sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ tí ọkọ̀ yìí ń ṣe fún wa kò pọ̀ ní iye ṣùgbọ́n ó wúwo. Ní Sátidé kẹta oṣù, a máa ń kó ìrẹsì, gàrí, ẹ̀wà, epo pupa, ọṣẹ àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láti Iléṣà, a ó gba ọ̀nà Èrìn, a ó gun òkè lọ sí Èfọ̀n-Alààyè, a ó wá yà sínú àwọn abúlé oko tó wà níbẹ̀. Àwọn opó ni, àti àwọn arúgbó tí ọmọ wọn ti lọ sí Èkó tí wọn ò sì pè mọ́. Ilé mẹ́tàlélógójì la fi bẹ̀rẹ̀. Lọ-bọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 110, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ òkè. Ẹni tó bá ti gun òkè Èfọ̀n pẹ̀lú ẹrù mọ ohun tí mò ń sọ. Ọ̀nà yẹn kò mọ pásítọ̀ yàtọ̀.

Owó epo ọkọ̀ àti owó oúnjẹ, inú àpò kan náà ni wọ́n ti ń jáde. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 ni wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ epo ti lọ. Lítà tí kò tó ₦200 kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá 2024 ó ti lé ní ₦1,000 lọ́dọ̀ wa. Mi ò dá sí òṣèlú lórí ojú ewé yìí, ìṣirò ni mò ń ṣe. Ọkọ̀ wa ń jẹ lítà ogún fún ìrìn-àjò kan. Ohun tí kò tó ₦4,000 tẹ́lẹ̀ di ogún ẹgbẹ̀rún. Ogún ẹgbẹ̀rún yẹn, ìrẹsì ni. Nígbà tó yá, a yọ ilé méjìlá kúrò nínú ìwé. Èmi ni mo lọ sọ fún wọn. Ìyá kan nínú wọn ní, "Ó dáa, Pásítọ̀, ẹ máa kọjá kí ẹ kí wa náà."

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọkọ̀ wá kú lójú òkè. Kò kú lẹ́ẹ̀kan náà o. Ó kọ́kọ́ ń wúkọ́, mo padà sí gíà kìíní, ó ń fà bí ẹni tó gbé ọlọ, lẹ́yìn náà epo bẹ̀rẹ̀ sí í kún jáde lórí kábúrétọ̀, òórùn rẹ̀ gba inú ọkọ̀ kan. A pa á kíákíá torí iná. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ló fà wá sọ̀kalẹ̀. Ó gba ọjọ́ mẹ́sàn-án kí ẹrù yẹn tó dé ibi tó ń lọ, ìgbà tí a sì dé ọ̀dọ̀ màmá kan tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, a rí i pé ó ti ń fi ọ̀bẹ gé hóró oògùn sí méjì kí ó lè pẹ́ lọ́wọ́ òun. Ó fi hàn wá bí ẹni tó gbọ́n ọgbọ́n kan. Mi ò lè sọ̀rọ̀.

Ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì pàdé ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Alàgbà tó ń bójú tó owó wa ní kí a ta ọkọ̀ náà fún àwọn tó ń ra irin, kí a yá owó ra bọ́ọ̀sì tókúnbọ̀. Ẹ má fi ojú burúkú wo bàbá yẹn o, ìṣirò rẹ̀ mọ́, kò sì fẹ́ kí ọkọ̀ pa wá sórí òkè. Ṣùgbọ́n èmi wo èlé orí owó tí a fẹ́ yá, mo rí i pé ilé méjìlá mìíràn máa kúrò nínú ìwé kí a tó san án tán. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí n lo owó àtúnṣe ọkọ̀ tí a ti yà sọ́tọ̀ fún ọdún náà, kí n má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Bí kò bá gun òkè, kí wọ́n tà á. Bàbá kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní kí n fọwọ́ sí i. Mo fọwọ́ sí i.

Mẹkáníìkì wa, Alhaji la máa ń pè é. Láti ìgbà tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kíkọ́ ló ti ń tú 504, ó sì jù mí lọ dáadáa. Kò tiẹ̀ mú spánà. Ó fi ìka méjì mú ọ̀pá tó ń yí nídìí kábúrétọ̀, ó mì í. Ọ̀pá yẹn ń mì bí eyín ọmọ ọdún mẹ́fà.

"Pásítọ̀, ẹ wá wò ó. Afẹ́fẹ́ ń gba ibí wọlé, kò sì sẹ́ni tó pè é."

"Alhaji, bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀, ṣé kì í ṣe pé epo máa kéré ni? Kí ló wá dé tó ń mu epo bí ràkúnmí?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó tú jẹ́ẹ̀tì jáde, ó gbé e sójú oòrùn. Ẹnìkan, kí ọkọ̀ tó dé ọwọ́ wa, ti rí i pé ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n nítorí afẹ́fẹ́ olè yẹn, ó wá fi wáyà fẹ ihò jẹ́ẹ̀tì kí epo lè pọ̀ láti bá afẹ́fẹ́ mu. Ó bá a mu bí ọkọ̀ bá dúró. Bó bá ti ń lọ, ìdá epo tó pọ̀ jù ń ti sáyílẹ́ńsà jáde. Abẹ́rẹ́ tó yẹ kó máa dí ẹnu epo nígbà tí ìkòkò rẹ̀ bá kún náà ti jẹ, ìyẹn ló fà á tí epo fi kún jáde lórí òkè. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó ṣe Solex, ọjọ́ orí ni. Wọ́n ti gé búùṣì sí ọ̀pá yẹn lẹ́ẹ̀mejì, Alhaji ní irin tó kù kò lè gba ẹlẹ́ẹ̀kẹta.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí nǹkan yìí ń ṣe, torí ọ̀pọ̀ wa ló ń gbọ́ kábúrétọ̀ lẹ́nu mẹkáníìkì tí a kàn ń sanwó. Ẹ́ńjìnnì kì í mu epo bí a ṣe ń mu omi. Afẹ́fẹ́ ló ń fà, bí ìgbà tí èèyàn bá mí sínú. Afẹ́fẹ́ yẹn á gba ọ̀fun kábúrétọ̀ kọjá, ọ̀fun náà sì fún ní àárín. Bí afẹ́fẹ́ bá dé ibi tó fún, á sáré, bó bá sì ti ń sáré ni agbára tó fi ń tẹ nǹkan á dínkù. Epo tó wà nínú ìkòkò kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á wá gba ihò jẹ́ẹ̀tì gòkè, á túká bí ìrì, á bá afẹ́fẹ́ wọlé lọ jó. Ìwọ̀n tó jó pé ni nǹkan bí kílò 14.7 afẹ́fẹ́ sí kílò kan epo. Bí epo bá pọ̀ jù, èéfín á dú, pílọ́ọ̀gì á dú bí ìdí ìkòkò. Bó bá kéré jù, ẹ́ńjìnnì á máa wúkọ́, á máa gbóná, pílọ́ọ̀gì á funfun. Èyí tó dára máa ń ní àwọ̀ bisikíìtì.

Orúkọ tí wọ́n ń pe ọ̀fun tó fún yẹn ni venturi, láti ara orúkọ Giovanni Battista Venturi, ará Ítálì. Ẹ gbọ́ o: àlùfáà ni bàbá náà! Wọ́n fi í jẹ àlùfáà Kátólíìkì ní 1769, ní 1797 ló sì tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde lórí bí omi ṣe ń ṣàn. Kò tíì sí mọ́tò láyé nígbà náà. Nítorí náà ẹ̀yin tí ẹ ní kí ló kan pásítọ̀ kan kábúrétọ̀, ẹ lọ bá bàbá yẹn wí ná.

Solex tiwa ní ọ̀fun kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá ṣe ọ̀fun kan kó fẹ̀ tó òkè, á ti fẹ̀ jù fún ìlú: afẹ́fẹ́ ò ní sáré tó láti fa epo dáadáa. Bí wọ́n bá ṣe é kó bá ìlú mu, lórí òkè ẹ́ńjìnnì á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Weber kan wà tí wọ́n ń pè ní 32/36, òun ni àwọn Ford Cortina ẹlẹ́ńjìnnì lítà 2 máa ń lò nígbà kan. Ẹnu méjì ló ní. Èkíní fẹ̀ tó mìlímítà 32, òun nìkan ló ń ṣiṣẹ́ bí ẹ bá ń rọra lọ. Ó dìgbà tí ẹsẹ̀ yín bá ti tẹ̀ ẹ́ dé nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta kí èkejì, tó jẹ́ 36, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ẹni tó bá mọ ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi ẹnu kan rìn láàárín ìlú, á sì pe èkejì nígbà tó bá nílò rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ nìyẹn.

Alhaji kò jẹ́ kí n rà á lójú ẹsẹ̀. Ó kọ́kọ́ wọn agbára sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó tún tápẹ́ẹ̀tì ṣe, ó pààrọ̀ kọ̀ǹtáàkì sẹ́ẹ̀tì àti pílọ́ọ̀gì. Ó ní ẹni tó bá gbé kábúrétọ̀ tó dáa lé ẹ́ńjìnnì tó ti kú, ó kàn ra fìlà fún òkú ni. Ó tún ní kí a sọ táǹkì epo kalẹ̀ kí a fọ̀ ọ́. Ìpẹtà tó jáde níbẹ̀ tó ìkúnwọ́ méjì. Bí a ò bá ṣe ìyẹn ni, ọ̀sẹ̀ kan péré ni jẹ́ẹ̀tì tuntun ìbá fi dí.

Rírà rẹ̀ gba sùúrù. Nínú ọjà ẹ̀yà ọkọ̀, ẹ máa rí èyí tó wà nínú páálí tuntun, tó ń dán bí awo Kérésìmesì, tí wọ́n sì kọ Weber sí i lára. Ọmọ iṣẹ́ Alhaji tó bá mi lọ mú ọ̀kan, ó ṣí i, ó ṣí i pa, ó gbé e kalẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Ewé inú rẹ̀ kò pa dé etí. Ẹni tó ń tà á ń búra. A fi í sílẹ̀ níbẹ̀, a lọ ra tókúnbọ̀ tí wọ́n tú lára Cortina, tí ọ̀pá rẹ̀ kò mì, tí jẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ ṣì ní nọ́ńbà lára. ₦70,000. Ṣóòkù rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí omi gbígbóná ẹ́ńjìnnì ń ṣí. Alhaji ní òtútù wo la ní n'Iléṣà? Ó de ewé ṣóòkù náà ní ṣíṣí, ọ̀rọ̀ parí. Láàárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́, mo máa ń tẹ ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó sitáàtì, ó sì ń jẹ́.

Ìdí Weber kò bá ojú ibi tí Solex jókòó sí mu, nítorí náà a ní láti gé àwo kan tó máa wà láàárín. Tọ́nà kan ló gé e láti ara alumíníọ̀mù. Níbi àwo yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Bí ihò àwo bá ní etí tó yọ sínú ọ̀nà afẹ́fẹ́, epo á máa lu etí yẹn, á máa kán sílẹ̀. Alhaji fi fáìlì yí i fún odindi ọ̀sán kan, ó ń fi ìka wò ó nínú, ó tún ń yí i. Mo ní, "Alhaji, ṣé kò tíì tó?" Ó ní, "Pásítọ̀, ẹ̀yin náà ẹ máa ń wàásù fún wákàtí méjì." Mo dákẹ́.

Nǹkan méjì mìíràn tí kò jẹ́ ká fò. Àkọ́kọ́ ni gíga rẹ̀: Weber àti fílítà afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, a ò sì mọ̀ bóyá bọ́nẹ́ẹ̀tì á kàn án. Ọmọ iṣẹ́ bu ẹ̀bà tó kù nínú abọ́ rẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí fílítà, ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, ó tún ṣí i. Ẹ̀bà náà ti pẹlẹbẹ, ṣùgbọ́n ó ṣì nípọn tó ìka. Ó ti tó. Èkejì ni sípíríǹgì tó ń dá ẹsẹ̀ padà. Méjì ni ó fi sí i, ọ̀kan nínú èkejì, torí bí ọ̀kan bá já lórí òkè nígbà tí ẹnu méjèèjì wà ní ṣíṣí, ọkọ̀ á máa sáré lọ láìsí ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi kan ṣoṣo sí i fún yín. Ẹ tún ní kí ẹnìkan jókòó kó tẹ ẹsẹ̀ dé ilẹ̀ kí ẹ fojú rí i pé ewé méjèèjì ṣí tán. Tiwa kò kọ́kọ́ ṣí tán, wọ́n ní láti gún ọ̀pá tuntun.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ jí, ó jí dáadáa, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí a wà á yí ìlú, pílọ́ọ̀gì dú díẹ̀. Jẹ́ẹ̀tì tó wá pẹ̀lú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì lítà 2 ni wọ́n ṣe é fún. Nọ́ńbà ara jẹ́ẹ̀tì Weber kì í ṣe ọ̀ṣọ́: 140 túmọ̀ sí ihò tó fẹ̀ tó mìlímítà 1.40. Alhaji wá 135 rí, ó rà á, kò fi wáyà kan ohunkóhun. Ó wá yí sùkúrúù epo ẹ̀gbẹ́ ìdí rẹ̀, ó dí i pa, ó ṣí i ní ìyípo méjì, ó ń tẹ́tí, ó ń rọra dí i padà títí ẹ́ńjìnnì fi fẹ́ kọsẹ̀, ó ṣí i díẹ̀. Ojú rẹ̀ wà ní dídì ní gbogbo ìgbà yẹn. Lọ́jọ́ kejì pílọ́ọ̀gì ti di bisikíìtì.

Sátidé tó tẹ̀ lé e a kó ẹrù. Alàgbà wa olówó bá wa lọ, ó jókòó síwájú pẹ̀lú ìwé àti bírò. Láti Iléṣà títí kan ìdí òkè, mo rọra tẹ̀ ẹ́, ẹnu kan péré. Nígbà tí ọ̀nà gbé orí sókè, mo tẹ̀ ẹ́ dé ibi tí ẹsẹ̀ mi ti mọ pé ó ń le díẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ kọjá ibẹ̀. Ohùn ẹ́ńjìnnì yí padà. Ó jinlẹ̀. Ibi tí mo ti máa ń wà ní gíà kìíní, gíà kejì ló gbà á, ó sì ń fà. Níbi kọ́nà tí ọkọ̀ ti kú nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀. A kọjá ibẹ̀. Alàgbà wo abẹ́rẹ́ ooru, ó wo ojú mi, ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Títí dòní mi ò mọ ohun tó kọ.

Iye rẹ̀ nìyí, kí ẹ lè bi mí léèrè: kábúrétọ̀ ₦70,000, àwo ₦18,000, gásíkẹ́ẹ̀tì, bóòtù, jẹ́ẹ̀tì, rọ́bà àti fílítà epo ₦14,000, fífọ táǹkì ₦8,000, owó iṣẹ́ ₦20,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦130,000. Lítà ogún ti di mẹ́rìnlá fún ìrìn-àjò kan náà. Mi ò ní tan yín jẹ: kì í ṣe ẹnu méjì ló dá gbogbo lítà mẹ́fà yẹn padà. Púpọ̀ nínú rẹ̀, nítorí pé a yọ èyí tó ti jẹ kúrò ni. Bí a bá rí Solex tuntun gidi, bóyá owó epo ìbá fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bákan náà. Òkè ni ẹnu kejì wúlò fún. Ẹni tó jẹ́ pé inú ìlú nìkan ló ń wà 504 rẹ̀, kó tún tirẹ̀ ṣe, kó má wulẹ̀ lé Weber kiri.

Bí a bá ka gbogbo ìrìn tí ọkọ̀ náà ń rìn lóṣù pọ̀, ó tó irú ìrìn-àjò yìí márùn-ún, ìyẹn nǹkan bí ₦30,000 tó dúró sínú àpò. Ó gbé ilé mẹ́rin padà sínú ìwé. Mẹ́jọ ṣì wà níta. Mo ń kọjá níbẹ̀, mo sì ń kí wọn bí ìyá yẹn ṣe wí. Òun kò tíì sí lára mẹ́rin tó padà, torí àwọn tí kò lè rìn rárá la kọ́kọ́ mú.

Ìrìn-àjò tó ń bọ̀, Sátidé yìí ni, agogo méje àárọ̀ la máa gbéra. Àyè èèyàn méjì ló wà níwájú, kò sẹ́ni tó máa jókòó sẹ́yìn lórí ẹrù. Alhaji ní kí n padà wá lẹ́yìn kìlómítà 500 kí òun tún bóòtù àwo yẹn dè, torí gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun máa ń jókòó sílẹ̀ díẹ̀. Mo ti rin 460, nítorí náà ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń lọ lọ́la kí a tó kó ẹrù.